À Ń Gbẹ́ Ẹ, À Ń Kàn Án, àbí À Ń Mọ Ọ́n?

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo bo gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mọ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, agbẹ́gilére ń gbẹ́ ère, amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò, ahunṣọ ń hun aṣọ, aránṣọ ń rán an. Ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Bí ẹnìkan bá ní alágbẹ̀dẹ mọ ọkọ́, ọmọdé ilé á tún un sọ fún un.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé etí omi, ìmọ̀ yìí a fò lọ. Ohun tí mo ń kà nínú ìwé ìròyìn, tí mo sì ń gbọ́ lórí rédíò, ni "wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi" tàbí "wọ́n kọ́ ọkọ̀ ojú omi tuntun". "Kọ́ ọkọ̀" yìí ló ń dùn mí jù. Ilé là ń kọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ ọkọ̀ létí Yorùbá, awakọ̀ kan ló jókòó tì í tó ń fi bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìtàn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí. Ìlú Göteborg, ní Sweden, ni wọ́n ti gbé èyí àkọ́kọ́ sọ̀ sómi ní 1942. Folkbåt ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ mẹ̀kúnnù; àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Folkboat. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje ní Scandinavia ló ké sí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ pé kí wọ́n ya ọkọ̀ kékeré kan tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rà, tí yóò lè sáré ìje, tí yóò sì lè gbé ìdílé jáde sójú òkun. Wọn kò rí àwòrán kan tó pé pérépéré. Wọ́n wá ṣa ohun tó dára nínú àwọn tó tayọ, wọ́n sì ní kí Tord Sundén pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Gígùn ọkọ̀ náà jẹ́ mítà 7.68, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.20. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 1,930, irin tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dojú rẹ̀ dé ló sì kó ju ìdajì lọ. Ọkọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ: ní 1960, Blondie Hasler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá nìkan wọ Jester, tó jẹ́ irú Folkboat tí wọ́n tún ìgbòkun àti òkè rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọjọ́ 48 la òkun Àtìláńtíìkì já láti Plymouth dé New York.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wo ló yẹ ọkọ̀ yìí? Àwọn baba wa ní etí ọ̀sà ń gbẹ́ ọkọ̀. Igi kan ṣoṣo ni, odindi. Wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á fi àáké àti iná wú inú rẹ̀ jáde títí yóò fi kù ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Iṣẹ́ mímú-kúrò ni gbígbẹ́. Folkboat kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi egungun sínú rẹ̀. Etí pákó tòkè á gun etí pákó tìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣó bàbà dè wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni ní àríwá Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Viking ṣe ń to pákó ọkọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ fífi-kún-un ni èyí, kíkàn sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ ìyàtọ̀ náà, torí kíkàn ni wọ́n ní kí Nóà kan ọkọ̀ tirẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohùn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ̀wé ń gbà ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gòkè sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e: a ó kọ "kan ọkọ̀", "da irin". Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á padà sípò: "kàn án", "dà á". "Gbẹ́" kì í yí padà, "gbẹ́ ọkọ̀", "gbẹ́ ẹ". "Mọ" náà kì í yí: "mọ ìkòkò", "mọ ọ́n". Ẹni tó bá kọ "kàn ọkọ̀" ti fi àmì sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kò gbé e sí.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìtàn Folkboat yí padà. Pákó tó dára ti ń wọ́n, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n kàn ń dín kù, ọkọ̀ pákó sì ń fẹ́ ọ̀dà àti ìtọ́jú lọ́dọọdún. Ní Denmark, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe Folkboat. Gíláàsì ni fáíbà, tí wọ́n fà di òwú tín-ín-rín, tí wọ́n sì hun bí aṣọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nìyí. Wọ́n á wá ara ọkọ̀ tí ìrísí rẹ̀ kò lábùkù, wọ́n á dán an títí yóò fi máa kọ mànà, wọ́n á fi ìda pa á kí nǹkan má lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá fi fáíbà bò ó láti òde. Bí èyí bá le tán, wọ́n á yọ ọ́. Ìkarahun nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní mólùdù. Inú ìkarahun yìí ni wọ́n á ti máa tẹ́ aṣọ fáíbà, wọ́n á fi rẹ́síìnì rin ín, wọ́n á yí rólà lé e kí afẹ́fẹ́ tó há sínú jáde, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e, ìpele lórí ìpele. Rẹ́síìnì kò nílò iná; èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń mú un le.

Ta ló kan ohun kan níbẹ̀? Ta ló gbẹ́ ohun kan? Èmi ò rí wọn. Àwọn kan ti dábàá "dà" fún mi, pé kí a pè é ní ọkọ̀ dídà bí a ṣe ń pe ère dídà. N kò gbà. Ohun tí a bá dà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ kí ó tó ṣàn wọ inú àyè tí a là sílẹ̀ fún un. Irin ìsàlẹ̀ Folkboat ni wọ́n da ní tòótọ́. Ara rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ló tẹ́ ẹ, ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrísí kan tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìlọrin, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ amọ̀ mọ́ ara ìkòkò àtijọ́ kí ìdí ìkòkò tuntun lè gba ìrísí rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n mọ ọkọ̀ náà. Wọ́n mọ ọ́n láti inú fáíbà.

Ohun tó wú mi lórí jù lára Folkboat onífáíbà ni pé àpá pákó wà lára rẹ̀. Kò sí pákó kankan lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ibi tí etí pákó ti ń gun ara wọn lára ti àtijọ́ ló hàn ketekete. Òfin ẹgbẹ́ wọn sì ni pé ti fáíbà kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ti pákó lọ, kí méjèèjì lè jọ sá eré ìje láìsí ojúsàájú. Títí di òní, ní San Francisco, pákó àti fáíbà jọ ń díje lójú omi kan náà.

Nítorí náà, ó dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ayédèrú. Ayédèrú fẹ́ tan ọ jẹ. Ó fẹ́ kí o rò pé òun ni ojúlówó. Ọkọ̀ yìí kò fi ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n pa mọ́. Ẹ̀dà ni. Ẹ má sì pè é ní àtúnṣe, nítorí ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Bí wọ́n bá fi pákó tuntun kan ọkọ̀ àtijọ́ lákọ̀tun, àtúnkàn nìyẹn. Ẹ̀dà náà sì ní ààlà tirẹ̀. Sundén fúnra rẹ̀ tún ya International Folkboat ní àwọn ọdún 1960, fáíbà ni, ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ láìní àpá pákó. Lára Folkboat náà ni Contessa 26 ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Tania Aebi fi yí ayé ká láàárín 1985 sí 1987. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀dà. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n, orúkọ tiwọn ni wọ́n sì ń jẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ pákó máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n fáíbà náà ti ń dàgbà. Pákó ń jẹrà, etí rẹ̀ ń là, omi ń jò wọlé, a sì ń gbọ́n omi náà síta. Fáíbà kì í jẹrà. Bí omi bá wọ inú ìpele rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ńṣe ni ara rẹ̀ ń lé ròrò. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé fáíbà jẹrà, oníṣòwò ọkọ̀ kò ní mọ ohun tí ẹ ń wí.

Àwọn tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá nílé náà nílò ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe yìí. Ọkọ̀ Lightning tí wọ́n ń fi díje ní Lagos Yacht Club, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á ní 1938, pákó sì ni ti ìgbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kà nínú ìwé ìròyìn nìyí: "Pákó ni wọ́n fi kan Lightning àkọ́kọ́, fáíbà ni wọ́n fi mọ àwọn ti òde òní."