Bátìrì tí a fi Pamọ́ Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Ní Àpápá àti ní Ajégúnlẹ̀, iná mànàmáná a máa lọ ní wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò retí. Nítorí èyí ni àwọn agbẹ̀bí, àwọn tí ń ta oògùn, àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ń ra bátìrì kún bátìrì, tí wọ́n sì ń fi ọ̀kan tàbí méjì pamọ́ de ọjọ́ àìní. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bátìrì tí a kò lò kò lè bàjẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bátìrì tí a gbé sí kọ̀rọ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, a kì í sì í mọ̀ títí di òru tí a bá nílò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé òru ìrọbí ni, kì í ṣe owó nìkan ni a lè pàdánù.

Ohun tí ó wà nínú bátìrì

Bátìrì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí a dì pa, tí a kì í bu omi sí. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní “dry cell”, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbẹ rárá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe bátìrì olójèé àkọ́kọ́ ní ọdún 1859, ọgbọ́n rẹ̀ náà ni a sì ń lò títí di òní: àwo òjé tí a rì sínú ásíìdì. Nínú èyí tí a dì pa, ohun kan tí ó dàbí òwú ni ó fa ásíìdì náà mu, tàbí kí a ti sọ ọ́ di kíki bí ẹ̀kọ, kí ó má baà dà sílẹ̀.

Nígbà tí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, ásíìdì a máa darapọ̀ mọ́ òjé, ohun funfun kan a sì bo àwọn àwo náà. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀, ohun funfun yìí a tún yọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bátìrì bá wà ní ìpamọ́, àfi pé díẹ̀díẹ̀ ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ohun funfun náà yóò le, ṣáàjì kò sì ní lè yọ́ ọ mọ́. Báyìí ni bátìrì tí a kò lò rí ṣe ń di òkú.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀

Níbi tí ooru kò bá ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ, bátìrì tí ó kún a máa pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ lóṣù kan. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ìpàdánù náà yóò di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Inú yàrá tí a fi páànù bò lè gbóná ju ìwọ̀n 35 lọ ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, bátìrì tí ó lè fara da oṣù 6 ní ilẹ̀ tútù, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ju oṣù 3 lọ ní ilẹ̀ wa.

Kí olùrà sì rántí pé bátìrì tuntun kì í ṣe èyí tí a ṣe ní àná. Èyí tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà tàbí Íńdíà wá ti lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkun, ó sì ti wà nínú àpótí irin ní èbúté kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń tà á. Kí olùrà wo déètì tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀, kí ó sì ní kí a fi mítà wọ̀n ọ́n lójú òun.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Kí a ṣáàjì bátìrì kí ó kún kí a tó gbé e pamọ́. Kí a tẹ̀lé iye fólítì tí a kọ sí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ti ẹ̀bá ọ̀nà, tí a ń lò fún bátìrì ọkọ̀, lè fún un ní iná àpọ̀jù. Yóò wú, inú rẹ̀ yóò gbẹ, kò sì sí ibi tí a ó gbà bu omi sí i.

2. Kí a tú u kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ. Iná pupa kékeré tí ń tàn lára ẹ̀rọ tó láti fa agbára rẹ̀ tán.

3. Kí a gbé e nàró síbi tí ó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí a má ṣe ṣáàjì rẹ̀ nínú àpótí tí a dé pa, nítorí ó lè tú afẹ́fẹ́ tí ń gbiná jáde. Nítorí atẹ́gùn òkun tí ń mú irin dípẹtà, kí a fi fasilíìnì díẹ̀ pa ibi tí a ń so wáyà mọ́, kí a sì fi rọ́bà bò ó, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí irin míràn má baà kàn án. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì a máa fa agbára bátìrì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ fún bátìrì onírọ́bà ti òde òní.

4. Kí a máa fi mítà wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bátìrì 12 fólítì tí ó kún, tí a sì ti jẹ́ kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, yẹ kí ó fi nǹkan bí 12.8 hàn. Bí ó bá ti wálẹ̀ dé 12.5, kí a ṣáàjì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí oṣù 3 bá sì pé, kí a ṣáàjì rẹ̀, kí a kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.

5. Mítà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí a fi bátìrì náà tan iná. Bátìrì kékeré tí a kọ 12 fólítì àti 7Ah sí lára yẹ kí ó gbé gílóòbù 10 wáàtì fún nǹkan bí wákàtí 6. Bí kò bá lè ṣe tó ìdajì èyí, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Lẹ́yìn ìdánwò, kí a ṣáàjì rẹ̀ kí ó tó sùn.

6. Èyí tí a kọ́kọ́ rà ni kí a kọ́kọ́ lò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ṣe sí iṣu inú abà.

Bátìrì tí ó ti kú

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ òkú bátìrì, kí a má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣeré, nítorí májèlé ni òjé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ń tú bátìrì ògbólógbòó láàárín ilé láti kó òjé inú rẹ̀ tà. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú níbẹ̀ nítorí eruku òjé. Kí a kó òkú bátìrì padà lódindi fún ẹni tí ń tà á, tàbí fún ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ láti gbà á. Bátìrì tí a bá tọ́jú dáadáa ní ìpamọ́ yóò pẹ́ kí ó tó di òkú, yóò sì tan iná fún olówó rẹ̀ ní òru tí ó rà á dè.