Ajílẹ̀ àti Omi Nínú Oko Ìrẹsì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí oúnjẹ tí kò sí ilé tí a kì í ti í sè é: ìrẹsì. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ kéwú ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Èbúté Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja ni ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń kọ́, àwa olùkọ́ náà a sì máa dáko.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ìmọ̀tà. A ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó lè máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ìrẹsì ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí hẹ́kítà ilẹ̀ kan bá so tọ́ọ̀nù 3, ìkórè hẹ́kítà tí ó lé ní 10 ni ẹ̀rọ náà yóò jẹ tán kí wákàtí kan tó pé. Bí ó bá so tọ́ọ̀nù 5, hẹ́kítà 6 àti díẹ̀ ni. Ilẹ̀ Èkó kò tóbi, a kò sì lè fà á gùn. Ohun tí ó kù ni kí èyí tí a ní so dáadáa.

1. Iṣẹ́ ajílẹ̀
Oúnjẹ mẹ́ta ni ìrẹsì ń fẹ́ jù nínú ilẹ̀. Náítírójìn ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, kí ìrẹsì sì yọ ọmọ púpọ̀ nídìí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń fún gbòǹgbò lágbára. Pọtásíọ̀mù ń mú igi rẹ̀ le, ó sì ń mú kí ọmọ rẹ̀ yó. Bí ẹ bá rí 15-15-15 lára àpò NPK, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú kílò 100, kílò 15 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà àpò kílò 50 ní kílò 7.5 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Náítírójìn nìkan ni ti yúríà, kílò 23 sì ni ó wà nínú àpò kílò 50 kan.

Ìgbà tí a ń gbin ìrẹsì ni a ń lo NPK. Yúríà ni a ń pín sí méjì: apá kan nígbà tí ìrẹsì ń yọ ọmọ, apá kejì nígbà tí ṣírí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá nínú igi. Ẹ má ṣe rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò dára tó. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, ewé yóò gbòòrò, igi yóò wó lulẹ̀, àrùn yóò sì rí àyè wọlé.

2. Iṣẹ́ omi
Omi tí a sé sínú oko kì í jẹ́ kí èpò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í ṣe ẹja. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ìrẹsì tí ó wà ní ilẹ̀ Philippines kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n ri páìpù tí a lu ihò sí lára mọ́ inú oko, kí wọ́n máa wo omi inú rẹ̀. Bí omi bá fà tó sẹ̀ǹtímítà 15 sísàlẹ̀ ilẹ̀, ìgbà náà ni kí a tún bomi sí i. Ọ̀nà yìí lè dín omi kù tó ìdá 30 nínú 100 láìjẹ́ pé ìkórè dínkù. Àmọ́ nígbà tí ìrẹsì bá ń tanná, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ rárá. Ẹni tí ó ń ra epo sí pọ́ǹpù ní àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ iye tí èyí jẹ́.

3. Ibi tí méjèèjì ti pàdé
Owó ara wa ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún kan, a da yúríà sórí omi tí ó dúró nínú oko wa ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, òjò ńlá dé, bèbè oko já, omi sì gbé ajílẹ̀ wa lọ sínú ọ̀sà. Ìrẹsì wa pọ́n; koríko etí omi ni ó ń tutù.

Láti ìgbà náà, a ti mọ̀ pé bèbè ni a ń kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kí omi fà, kí ilẹ̀ wulẹ̀ tutù. A ó wo ojú ọ̀run, a ó fọ́n yúríà, lẹ́yìn náà ni a ó wá jẹ́ kí omi wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Èyí tí ó bá wà lórí omi nínú oòrùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì fò lọ.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́: Àgbẹ̀ kan lo àpò NPK 15-15-15 mẹ́rin àti àpò yúríà méjì sí hẹ́kítà kan. Òjò gbé ìdajì yúríà rẹ̀ lọ. Kílò náítírójìn mélòó ni ó kù fún ìrẹsì? Ẹni tí ó bá rí 53 ti gbà á. Kí ó wá lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lóko kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.