Èló Ló Yẹ Kí Òbí Máa Fún Wa Lóṣù?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwa tí a jìnnà sílé. Ìdáhùn wa ni pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di ₦70,000. Bí òbí tó ń gba irú owó yìí bá fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú wa, ₦40,000 ló kù fún gbogbo ará ilé. Ọdún yẹn náà ni ẹ̀yáwó NELFUND bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ₦20,000 lóṣù fún ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí a kọ gbogbo ohun tí a ná sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: oúnjẹ, ọṣẹ, owó ọkọ̀, ìwé. Èkejì, kí a ya fàájì sọ́tọ̀ kúrò lára kò-ṣeé-má-nìí. Ẹ̀kẹta, kí a mú ìwé náà tọ bàbá tàbí ìyá wa lọ, kí a sì béèrè ohun tí agbára wọn ká. Ẹni tí òbí rẹ̀ ń dáko lè gba gàrì, èlùbọ́ àti ẹ̀wà dípò apá kan owó.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtìjú pa ebi mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tí ń bọ̀ ni í lè ṣọ́wó ná. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.