Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìgboyà ní Etí Òkun

Òkè àti igbó kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Èkìtì. Ẹni tí a bí sí Ìkéré ti ń wo Ọlọ́sùnta àti Òròlé láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré mọ bí igbó ti í ṣú ní ọ̀sán gangan. Ọmọ Ìlasà náà sì mọ ọ̀nà oko ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí gbogbo wọn. Nígbà kan rí, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí òkun, igbó àti òkè pàdé ní àdúgbò rẹ̀, tí ó sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ẹ̀kọ́ tí a kò lè kọ tán sí ojú pátákó. Man O' War Bay ni orúkọ ibẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí omi òkun gbé wọ inú ilẹ̀, tí ọkọ̀ ogun lè gúnlẹ̀ sí.

Ìtòsí ìlú Victoria, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni ibẹ̀ wà. Láti ọdún 1982 ni a ti ń pe Victoria ní Limbe. Ní àkókò tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, abẹ́ àṣẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni apá ilẹ̀ náà wà, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Òkè Kamẹrúùnù kò jìnnà síbẹ̀. Ó ga ju 4,000 mítà lọ, kò sì sí òkè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ga tó o. Òkè oníná ni. Ó bú ní ọdún 1999, ó sì tún bú ní ọdún 2000. Òjò ibẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ní Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè náà lẹ́bàá òkun, bí a bá gba gbogbo òjò ọdún kan jọ sí ojú kan tí kò ṣàn lọ, jíjìn rẹ̀ yóò tó bíi mítà 10. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé igbó kìjikìji ni ó bo ẹsẹ̀ òkè náà.

Èrò tí ó bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti òkèèrè wá. Nígbà ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ń ri ọkọ̀ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gbẹ́ni Lawrence Holt, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi púpọ̀, ṣàkíyèsí ohun ìyanu kan. Bí ọkọ̀ bá rì, tí àwọn tí ó yè bá wà nínú ọkọ̀ kékeré lójú agbami, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ni ó sábà máa ń kú ṣáájú, nígbà tí àwọn àgbà atukọ̀ tí ewú ti gba orí wọn ń yè. Kì í ṣe agbára ni ó tán lára àwọn ọ̀dọ́ náà. Ìrètí ni ó tán, nítorí pé wọn kò tíì rí ìṣòro rí kí wọ́n sì rí òpin rẹ̀. Holt fi ọ̀rọ̀ yìí lọ Kurt Hahn, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ìjọba Hitler ti fi sẹ́wọ̀n rí, tí ó sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Aberdovey, ní ilẹ̀ Wales, ní ọdún 1941. Outward Bound ni wọ́n pè é.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1951, Ọ̀gbẹ́ni Alec Dickson bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Man O' War Bay. Láti Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àti láti Kamẹrúùnù fúnra rẹ̀, ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti wá. Hausa, Íbò, Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ ń sùn ní ojú kan, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n sì jọ ń rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni wíwẹ̀ nínú òkun, ìrìn àjò nínú igbó, gígun òkè, àti iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ará abúlé.

Ẹni tí ó bá rò pé gígun òkè jẹ́ ìdíje láàárín alágbára àti ọ̀lẹ, kò tíì gun òkè ńlá rí. Etí òkun Kamẹrúùnù gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gòkè ni ooru ń dínkù, tí ó fi jẹ́ pé ní gbogbo 1,000 mítà, ó ń lọ sílẹ̀ ní bíi dígírì 6. Igbó ni a kọ́kọ́ ń là kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ pápá koríko, lẹ́yìn èyí òkúta tí iná òkè sun. Nítòsí orí òkè, òtútù ń mú, afẹ́fẹ́ sì ń fúyẹ́ tí èémí kò fi rọrùn láti mí. Ẹni tí ó sáré ní ìsàlẹ̀ yóò jókòó ní àárín ọ̀nà. Ẹni tí ó bá dá nìkan ṣáájú lè ṣìnà nínú kùrukùru. Nítorí náà, ìṣísẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ fi ṣe ìwọ̀n. Alágbára a máa gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ̀, nítorí pé àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Bákan náà ni ti omi. Bí ọkọ̀ kékeré bá dojú dé, ìbẹ̀rù a máa sọ fún ènìyàn pé kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó máa wẹ̀ lọ sí èbúté. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti pa. Ẹni tí a kọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó dojú dé ṣì ń léfòó, àti pé kí òun dì í mú, kí òun sì ka iye àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgboyà àti ìwà wèrè: onígboyà mọ ewu, ó sì ti múra dè é.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abúlé ni ó le jù fún àwọn mìíràn. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti kàwé, tí ó sì ti jókòó sí ìdí tábìlì, gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá títí ayé. Òmìnira Nàìjíríà sì ń bọ̀. Bí ojú bá ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé láti fi ọwọ́ kan erùpẹ̀, ta ni yóò tún ìlú ṣe? Ọmọ Èkìtì mọ ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́, ó sì mọ àárò. Àna ni a ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún, ẹlẹgbẹ́ ẹni ni a sì ń bá dá àárò. Ohun tí Man O' War Bay fi kún un ni pé kí ènìyàn làágùn fún ẹni tí kì í ṣe àna rẹ̀, tí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1961, àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò láti dara pọ̀ mọ́ Orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìdàpọ̀ yìí fìdí múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni etí òkun yìí kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ náà kò parẹ́. Ó bá ara rẹ̀ ní Òkè Shere lẹ́bàá Jos, níbi tí kò sí òkun rárá. Lẹ́yìn náà, ilé-ẹ̀kọ́ ti ojú omi wà ní Àpápá ní Èkó. Dickson ti lọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1958, òun àti aya rẹ̀, Mora, ti dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀, èyí tí ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Orúkọ etí òkun náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní. Ní ọdún 1973 ni ìjọba dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀. Nínú ibùdó tí àwọn agùnbánirọ̀ ti ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Man O' War ni ó ń kọ́ wọn bí a ti í gun okùn, bí a ti í fo ògiri, àti bí a ti í rin ìrìn jíjìn. Ibùdó ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní etí òkun ti dé inú igbó Èkìtì.

Nítorí náà, kí ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ gun òkè tàbí wọ igbó má ṣe dá lọ, kí ó má sì lọ láìsọ fún àgbà. Kí ó wọ bàtà tí ó le, kí ó gbé omi dání, kí ó sì padà bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Kí ó bọ̀wọ̀ fún àṣà ìlú tí ó ni òkè, nítorí pé òkè ọlọ́dún ni Ọlọ́sùnta jẹ́ fún àwọn ará Ìkéré. Kí ó má sì yọ àwọn ìnàkí tí ó ṣẹ́kù nínú igbó ọba Ìsẹ̀ lẹ́nu. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó bá dé orí òkè, kí ó má ṣe kọ́kọ́ wo bí òun ti ga tó. Kí ó bojú wẹ̀yìn, kí ó wò bóyá ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn tí ó nílò ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Èé ṣe tí àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ fi ń kú ṣáájú àwọn àgbà?
2. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí ẹgbẹ́ tí ń gun òkè máa rìn bí ẹni tí ó lọ́ra jù?
3. Ṣe ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wẹ̀ àti iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ní Man O' War Bay.
4. Kọ àròkọ lórí òkè tàbí igbó kan ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè rí kọ́ níbẹ̀.