Ife Omi Tó Wà Lọ́wọ́ Màmá

Nílé ìkókó, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kọ́ ló sábà máa ń pinnu ohun tó máa wọ ọmọ lẹ́nu. Ìyá ọkọ ti dé láti wá wẹ ọmọ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n wá ní, "Ìyàwó, gbé omi lílọ́ wá, òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ yìí." Ìyàwó ti gbọ́ ní kílíníìkì pé ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ̀ sí Màmá lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ àwọn ló ń dáná, tí wọ́n ń fọ aṣọ ìkókó? "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mò ń bọ̀," ló máa sọ, á sì gbé omi náà wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé Màmá ló yẹ ká kọ́kọ́ jókòó tì.

Ẹ má fi "kò dáa" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Omi ò lọ́tàá, òótọ́ sì ni. Ẹ ṣàlàyé pé omi ti wà nínú ọmú: tí a bá pín omi ọmú sọ́nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 87 nínú rẹ̀ jẹ́ omi gidi. Kódà nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, ó tó láti pa òǹgbẹ ọmọ.

Ẹ wá fi ṣíbí tíì kan han Màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan ò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Tí omi bá ti gba àyè yẹn, ibo ni ọmú máa gbà? Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú tó ni ara ìyá ṣe ń pèsè rẹ̀ tó. Ọmọ tó yó omi máa sùn, kò ní fà. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ọmú á dínkù, ọmọ á máa ké, Màmá á ní, "Ẹ ò rí i, ọmú rẹ̀ ò tó," wọ́n á tún fi mílíìkì inú agolo kún un. Báyìí ni ọ̀pọ̀ abiyamọ ṣe gbà pé àwọn ò lómi ọmú. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Ẹ tún jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fún dànù. Inú rẹ̀ ni ohun tó ń gbógun ti àrùn pọ̀ sí jù. Kí ọmọ mu ún láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá o! Ìyá ọmọ ni kí wọ́n gbé ife omi yẹn fún, torí òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Kí wọ́n máa wo ẹnu ọmọ: kó là gbàgà, kó gbá àwọ̀ dúdú tó yí orí ọmú ká mọ́ ọn. Orí ọmú nìkan ò tó, òun ló ń fa egbò. Bàbá ọmọ náà lè gbọ́mọ lóru, kó mú un gùnfẹ̀. Tí ìyá ọmọ bá ń tajà, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì lè bá a wo ọjà. Ìjọba Èkó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà lọ́dún 2014. Ọlọ́jà ò ní irú rẹ̀, àwa aládùúgbò ló ní.

Tó bá pé oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ Màmá tún pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ tó ń ṣàn bí omi ò lè gbé ọmọ ró. Kó ki débi tí kò ní tètè dà nù lórí ṣíbí, kí wọ́n fi edé lílọ̀ sí i, tàbí ẹ̀wà bíbó tí wọ́n sè tí wọ́n sì tẹ̀ kúnná, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe rọ ọmọ; oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọ̀pọ̀ àwọn Màmá wa ṣe fún àwọn ọmọ tiwọn. Láti oṣù mẹ́fà yìí lọ ni Màmá lè bu omi mímọ́ sínú ife kékeré, kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn lé ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fún un mu.