Ọwọ́ Ta Ló Ti Wá?

Wọ́n ń yin ọmọṣẹ́ kan ní Computer Village, Ìkẹjà, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi pààrọ̀ bátìrì fóònù. Àgbà ọ̀gá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò bá wọn pàtẹ́wọ́.

"Bátìrì yẹn, ọwọ́ ta ló ti wá?"

"Ọ̀gá, ẹnì kan tó ń kiri ló tà á fún mi."

Ojú ọ̀gá le. Ó ní òun ò ní kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tú fóònù, ọwọ́ wọn yá ju tòun lọ. Ibi tí ẹrù gbà wọlé ni wọn kì í béèrè.

Ló bá mú ọ̀rọ̀ Lẹ́bánónì wá. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún péjà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, tí ẹgbẹ́ Hezbollah pín fáwọn èèyàn rẹ̀ bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé méjì wà lára àwọn tó kú. Orúkọ Gold Apollo ti Taiwan ló wà lára péjà náà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ yẹn ní àwọn kan ní Budapest lòun yọ̀ǹda orúkọ òun fún. Inú bátìrì ni ohun abúgbàù náà fara pa mọ́ sí. Iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters jábọ̀ pé àwọn tó ń lò ó tiẹ̀ ti kíyè sí i pé bátìrì ọ̀hún ń tètè kú. Wọn ò tuṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ku wákàtí díẹ̀ kó bú, wọ́n ṣì ń pín in. Èyí ló ń dun ọ̀gá jù.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan wokitókì. Àwọn kan lára wọn gbé orúkọ IC-V82 ti Icom, iléeṣẹ́ Japan tó ní láti ọdún 2014 lòun ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, àtòun àti bátìrì rẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá! Ta ló wá ń ta tuntun?"

Kò sẹ́ni tó ní bọ́ǹbù wà nínú bátìrì Ìkẹjà o. Ayédèrú tó ń wú, tó sì ń gbiná, ti tó ìyọnu. Ìbéèrè kan náà ló ń tú àṣírí méjèèjì.

Nígbà tí ọ̀gá ń kọ́ṣẹ́ rédíò, ọ̀gá tirẹ̀ ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ta ohun èèlò kọ̀ọ̀kan sí. Lọ́jọ́ tó fo ìlà kan, wọ́n ní kó tú rédíò tó ti dé pa, kó yọ transistor inú rẹ̀, kó lọ dá a padà. Ó sunkún lọ, ó sunkún bọ̀.

Ó ti ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ìlà àkọ́kọ́ ṣì ṣófo: ọmọ náà ò tíì rí ẹni tó ta bátìrì fún un.