Ọmọdé àti Ilé-Ìkàwé Lásìkò Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìwé láti kékeré, ìgbà tí ìdánwò bá dé nìkan ni yóò máa ṣí i. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣètò ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé-ìkàwé gbogbogbòò, pàápàá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìsinmi méjì ni mo ti fi ṣe olùrànlọ́wọ́ ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá. Ojú mi rí àṣìṣe níbẹ̀ kí ó tó rí àtúnṣe.

Kí ni iṣẹ́ ilé-ìkàwé lórí ọmọdé?

Ilé-ìkàwé gbogbogbòò ni èyí tí a dá sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, tolówó tòtòṣì. Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO pe àpérò kan ní Ìbàdàn lórí bí irú ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú ìkéde tí àjọ náà gbé jáde lórí ilé-ìkàwé ní ọdún 1994, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mú ìwé kíkà mọ́ àwọn ọmọ lára láti kékeré. Ìkéde kan náà sọ pé kí ó máa ti lítíréṣọ̀ alohùn lẹ́yìn. Nítorí náà, àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe àlejò ní ilé-ìkàwé. Onílé ni wọ́n.

Kí ló wá dé tí ìsinmi fi ṣe pàtàkì? Ní ọdún 1978, Barbara Heyns tẹ ìwé kan jáde lórí ìwádìí tí ó ṣe nípa àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ìwé tí ọmọ bá kà nígbà ìsinmi máa ń fi kún ìmọ̀ rẹ̀, àti pé lílọ sí ilé-ìkàwé wà lára ohun tí ń mú kí ọmọ kàwé nígbà náà.

Àṣìṣe wa

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọ bí ogójì ni ó wá ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọn kò pé mẹ́wàá mọ́. Kí ló lé wọn? A ti sọ ilé-ìkàwé di iléèwé. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ́ wọn ní òwúrọ̀, ìṣirò ni ó ń tẹ̀lé e. A ti àwọn ìwé tuntun mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n má bàa ya. A sì lẹ òfin kan mọ́ ara ògiri pé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn.

Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè Yorùbá ní yunifásítì gan-an ni wọ́n fún ní ìwé pé kí n máa kọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Ọmọbìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí ó ń kà. Ó ní, ‘Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ èyí?’ Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kò wá mọ́.

Àtúnṣe tí a ṣe

Ní ọdún kejì, olùtọ́jú ilé-ìkàwé tuntun dé. Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un, ó sì gbà kí a tún ètò náà tò. Ohun tí a ṣe nìwọ̀nyí:

(i) Àkókò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni a mú, kí àwọn ọmọ lè kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ilé. Ọmọkùnrin kan tí ń kiri omi inú ọ̀rá máa ń dúró lójú fèrèsé wò wá. A fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nínú ilé, fún igbá ọjà. Ó ń wo ọjà rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìtàn.

(ii) Ẹgbẹ́. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún 4 sí 6, ọdún 7 sí 9, àti ọdún 10 sí 12. Orí ẹní ni àwọn kékeré ń jókòó sí. Ìtàn tiwọn kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, nítorí wọn kì í lè fara balẹ̀ pẹ́.

(iii) Àlọ́ ṣáájú ìwé. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń pe ọkàn wọn jọ. Lẹ́yìn náà ni a óò pa àlọ́ àpagbè kan, gbogbo wọn yóò sì máa gbe orin rẹ̀. Bí àlọ́ bá parí, a óò tẹ́ ìwé sórí ẹní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èyí tí ó wù ú. Ẹni tí Ìjàpá bá pa lẹ́rìn-ín yóò rí Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe. Àwọn àgbà inú wọn a máa du Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, nítorí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dùn mọ́ wọn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ìwé tí ó wà lórí ẹní ni ọmọ ń kà. Ikán ni ó ń ka ti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

(iv) Yíyá ìwé. Òbí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ yóò tẹ ìka. Ọmọ lè mú ìwé méjì lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé yóò ya, dandan ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù àti bébà tún un lẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti lẹ ìwé rí kì í fẹ́ fà á ya mọ́.

(v) Ìparí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, a pe àwọn òbí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn kan tí ó kà, ìyá àgbà kan ládùúgbò sì pa àlọ́ fún wa.

Àwọn tí ó kù pẹ̀lú wa ní ọjọ́ náà pọ̀ ju àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lọ. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá n óò rí ọmọbìnrin ọdún àkọ́kọ́. N kò rí i.

Ṣé Yorùbá kò ní fa Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí bi wá nìyí, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ilẹ̀ òkèèrè pàápàá ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní ọdún 1921, Pura Belpré, ọmọ Puerto Rico, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé gbogbogbòò ìlú New York. Ó wo orí pẹpẹ, kò rí ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní èdè Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ọmọláńgidi ṣe é, ó sì kọ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ di ìwé ní ọdún 1932. Ẹnu ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ìwé lọ́wọ́ ọmọ.

Ìkádìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a mọ àlọ́ pa, àwa ni a mọ àmì ohùn fi sí orí ọ̀rọ̀. Bí ìsinmi bá dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa fún ilé-ìkàwé ìlú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. A kò nílò owó púpọ̀: ẹní, ìwé díẹ̀, àti ẹnu wa. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé fún yín pé kí ẹ máa kọ orúkọ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ dá a lóhùn ohun tí ó béèrè.